Wọ́n ní testosterone mi kéré: ṣé kí n gba abẹ́rẹ́ yìí lọ́jọ́ Ẹtì?

Arẹ̀mú38 · Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ọdún 38 ni mí. Ó ti tó ọdún kan báyìí tí ó ti ń rẹ̀ mí láìnídìí: bí mo tilẹ̀ sun oorun wákàtí mẹ́jọ, bí ẹni tí kò fojú ba oorun ni mo máa ń jí. Ìfẹ́ ìbálòpọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára mi tán, nǹkan ọkùnrin tí ó máa ń dìde fúnra rẹ̀ ní ìdájí kò fi bẹ́ẹ̀ dìde mọ́, ikùn mi sì ń yọ síwájú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi ní nǹkan bí aago 3 ọ̀sán, lẹ́yìn tí mo ti jẹun, wọ́n sì ní testosterone mi, ìyẹn họ́mọ̀nù ọkùnrin, jẹ́ 241 ng/dL. Wọ́n kọ abẹ́rẹ́ testosterone cypionate 200 mg fún mi, kí n máa gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni wọ́n fẹ́ kí n wá gba àkọ́kọ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé èmi àti ìyàwó mi ń wá ọmọ kejì. Dókítà náà kò bi mí, èmi náà kò sì rántí sọ. Ṣé kí n gbà á, àbí kí n dúró? Bí ẹ bá ní kí n dúró, kí ni kí n lọ ṣe ná?

BàbáGòkè · Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Arẹ̀mú, mo kí ọ. Ọmọ ọdún 54 ni mí, ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń gba abẹ́rẹ́ yìí. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń sùn lọ nídìí iṣẹ́, inú a sì máa bí mi sí ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìfẹ́ obìnrin padà sí mi lára. Kó tó di oṣù kẹfà, àwọn ará ilé mi ti ń sọ pé ojú mi ti wálẹ̀. Nọ́ńbà kì í parọ́, àbúrò mi, 241 kéré. Gbogbo ọjọ́ tí o bá fi ń rò ó, ìyà lo fi ń jẹ ara rẹ. Lọ gba abẹ́rẹ́ rẹ.

Onígò_Ẹ̀jẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 10:25 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n BàbáGòkè, ẹ má bínú sí mi, nọ́ńbà a máa parọ́, iṣẹ́ mi sì ni láti mọ ìgbà tó bá ń parọ́. Ó lé ní ọdún 10 tí mo ti wà ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Testosterone kì í dúró sójú kan láti àárọ̀ di alẹ́: òwúrọ̀ ló máa ń ga jù, a sì máa lọ sílẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Lára ọkùnrin tí kò tíì pé 40, èyí tí a bá rí ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ lè fi ìdá kan nínú márùn-ún, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ, dín sí ti aago 8 àárọ̀. Oúnjẹ náà ń fà á wálẹ̀, pàápàá èyí tí ṣúgà bá wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán kò tó dá ẹjọ́ kankan lé lórí.

Arẹ̀mú, bí ó ṣe yẹ ni pé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ láàárín aago 7 sí aago 10 àárọ̀, kí o má tíì jẹun, kí wọ́n sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Má ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí ara rẹ kò yá, má sì ṣe é ní àárọ̀ tí o kò sùn mọ́jú. Lórí ibi tí kíkéré ti bẹ̀rẹ̀, àwọn onímọ̀ fúnra wọn kò fi ẹnu kò síbì kan: American Urological Association, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, ń lo 300 ng/dL, Endocrine Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ họ́mọ̀nù, sì lo 264 ng/dL nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2018. Ohun tí wọ́n jọ gbà ni pé nọ́ńbà nìkan kò tó, àmì àìsàn gbọ́dọ̀ bá a rìn.

Ẹ tún máa wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn nọ́ńbà. Yàrá àyẹ̀wò kan á lo ng/dL, òmíràn á lo nmol/L, bẹ́ẹ̀ ni 1 nmol/L fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 29 ng/dL. Ọkùnrin kan ti wá bá mi rí tí omi ti lé ròrò lójú rẹ̀ nítorí pé testosterone rẹ̀ jẹ́ 17. Nmol/L ni. Bíi 490 ni, ohunkóhun kò ṣe é.

Kò_Pẹ́_Jù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:03 àárọ̀

Mo fẹ́ bá Arẹ̀mú sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni mo ti jìn sí kòtò. Ọmọ ọdún 33 ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ bímọ. Ara mi le, apá mi yọ iṣan, inú mi ń dùn. Ìyàwó mi ni a wá ń gbé káàkiri fún àyẹ̀wò. Odindi oṣù 14 ni wọ́n fi ya àwòrán ilé ọmọ rẹ̀, tí wọ́n fún un ní oògùn, tí wọn kò rí nǹkan kan. Nígbà tí dókítà obìnrin kan ní kí èmi náà gbé àtọ̀ mi wá, díẹ̀ ló kù kí n bú u. Ìwé tí wọ́n fún mi kò gùn. Níbi tí ó yẹ kí iye irúgbìn inú àtọ̀ wà, òdo kan ṣoṣo ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo yí ìwé náà sẹ́yìn, mo rò pé èyí tó kù wà níbẹ̀ ni.

Ohun tí wọ́n ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà nìyí. Ẹ̀yà kékeré kan tó wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní pituitary, ló ń rán kórópọ̀n níṣẹ́. Ó ń tú họ́mọ̀nù LH àti FSH sínú ẹ̀jẹ̀: LH ní kí kórópọ̀n ṣe testosterone, FSH sì ń bá a mójú tó irúgbìn. Bí testosterone bá ti ìta wọlé, ọpọlọ á rí i pé ó ti tó, kò sì ní rán iṣẹ́ mọ́. Ti inú ẹ̀jẹ̀ á dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú kórópọ̀n, níbi tó ti yẹ kí testosterone pọ̀ ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, á gbẹ. Tèmi méjèèjì súnkì débi pé èmi fúnra mi mọ̀ ọ́n bí mo bá ń wẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1990, nínú èyí tí wọ́n fún àwọn ọkùnrin ní testosterone enanthate 200 mg lọ́sẹ̀ kí wọn má baà fún obìnrin lóyún, ó sì ṣiṣẹ́. Ọmọ ni mo ń wá; ìfètòsọ́mọbíbí ni mo ń gbà sí ìdí.

Mo dá a dúró. Dókítà tó mọ̀ nípa ìbímọ ọkùnrin fún mi ní hCG, tí ó máa ń ṣe iṣẹ́ LH, mo sì ń gún un sí abẹ́ awọ ikùn mi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kí hCG tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó rẹ̀ mí ju ìgbà tí n kò tíì bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun lọ. Oṣù kẹsàn-án ni irúgbìn tún farahàn. Ọmọ wa ti pé ọdún kan báyìí. Ti ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń padà láàárín oṣù 6 sí 12, ti àwọn mìíràn lè tó ọdún 2, ti àwọn díẹ̀ kì í sì í padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Má gba abẹ́rẹ́ yẹn lọ́jọ́ Ẹtì.

BàbáGòkè · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Mo ka ọ̀rọ̀ Kò_Pẹ́_Jù lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ mẹ́rin ni mo ti bí kí n tó bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi wá sí mi lọ́kàn. Mo gba ti ìbímọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù ba gbogbo ènìyàn, àwọn kan wà tí nǹkan ń ṣe ní tòótọ́.

Láyọ̀_XXY · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:15 ọ̀sán

Lórí ìyẹn, ẹ̀yìn BàbáGòkè ni mo wà. Klinefelter ni wọ́n bí mi mọ́, ìyẹn ni pé mo ní kúrómósómù X kan lé, 47,XXY dípò 46,XY. Kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n tó bí ènìyàn ṣe rò. Nǹkan bí ọkùnrin kan nínú 600 ló ní in, ọ̀pọ̀ kò sì ní mọ̀ láéláé. Ọmọ ọdún 29 ni mí kí dókítà kan tó yẹ kórópọ̀n mi wò, tó rí i pé ó kéré, ó sì le. Nígbà náà, egungun mi ti ń gbó bíi ti arúgbó. Testosterone ò sọ mí di akọni o, ó kàn gbé mi dé ibi tí àwọn yòókù wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Títí ayé ni mo fi máa gbà á, ara kò sì tì mí.

Testosterone undecanoate 1000 mg ni tèmi. Ìkejì tẹ̀lé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, láti ìgbà náà ó di ọ̀sẹ̀ 12-12. Epo ni, 4 mL, nọ́ọ̀sì máa ń rọra tì í sínú ìdí mi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, ó sì máa ń ní kí n jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n tó lọ. Nígbà kan, ikọ́ gbé mi lójijì bí ó ṣe yọ abẹ́rẹ́, ó dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn mí lọ́fun. Epo náà ló ta sínú ẹ̀dọ̀fóró díẹ̀. Ó lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí kò fi yẹ kí ènìyàn gba irú abẹ́rẹ́ yìí nílé ara rẹ̀.

Ìyá_Méjì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo jẹ́ obìnrin dá sí i. Jẹ́ẹ̀lì testosterone ni ọkọ mi ń fi sí èjìká. Ó máa ń gbé ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, sáyà bó bá ti para tán. Bí mo ṣe ń wẹ̀ fún ọmọ lọ́jọ́ kan, mo rí irun abẹ́ lára rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, dúdú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀. Dókítà ọmọdé ló kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹnì kan ń para pẹ̀lú testosterone nínú ilé. Láti ọdún 2009 ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà, tó ń mójú tó oògùn, ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ rẹ̀ sára páálí oògùn náà gàdàgbà. Kí ẹni tó bá ń lò ó fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ, kí ó wọ aṣọ lé e, kí ó sì fi omi wẹ ibẹ̀ kí ọmọ tàbí aya tó fara kàn án. Ọkọ mi ti yí sí abẹ́rẹ́.

Ojú_Lalákàn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:02 alẹ́

Ẹ ń sọ ti ọmọ, ẹ ń sọ ti irun, ẹ kò sọ ti ọkàn. Testosterone ń pa ènìyàn. Ìkọlù ọkàn ló ń fà.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà · Ọjọ́rú, 1:20 òru

Iṣẹ́ òru ni mo wà, ẹ forí jì mí bó bá gùn. Ẹ̀ka tí a ti ń tọ́jú àìsàn họ́mọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ojú_Lalákàn, ẹ̀rù náà wà tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, òun ló sì fa ìwádìí TRAVERSE tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2023. Wọ́n kó ọkùnrin tó lé ní 5,000 jọ, láti ẹni ọdún 45 títí dé 80, tí wọ́n ní àìsàn ọkàn tàbí ohun tó lè fà á. Ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú tí àìsàn ọkàn ń fà kò pọ̀ lára àwọn tó lo testosterone ju ti àwọn tó lo jẹ́ẹ̀lì tí kò ní oògùn nínú. Ẹ má tìtorí ìyẹn jó o: ọkàn tó ń lù ségesège, ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró àti ìpalára kíndìnrín wọ́pọ̀ sí i lára wọn, egungun pàápàá sì dá lára wọn ju ti àwọn yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo wa ti gbà pé ó ń mú egungun le.

Arẹ̀mú, ìtọ́jú tí dókítà bá mójú tó kì í ti orí abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ àárọ̀ méjèèjì bá fihàn pé ó kéré, LH àti FSH ni a óò wò tẹ̀lé e. Bí àwọn yẹn bá ga, kórópọ̀n ni kò dáhùn, bóyá nítorí ohun tí wọ́n bíni mọ́ bíi ti Láyọ̀, tàbí mumps (àìsàn tó ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú) tó wọ kórópọ̀n, tàbí oògùn jẹjẹrẹ. Bí wọn kò bá ga nígbà tí testosterone lọ sílẹ̀, òkè ni ìdíwọ́ wà, a ó sì wo prolactin, họ́mọ̀nù mìíràn tí pituitary ń ṣe, àti irin inú ẹ̀jẹ̀, nígbà mìíràn a ó ya àwòrán ọpọlọ. Mo rántí ọkùnrin kan tí èjìká rẹ̀ máa ń gbá férémù ilẹ̀kùn wa ní gbogbo ìgbà tó bá wọlé. Èmi rò pé ó ń kánjú ni. Kókó kan ló wà lórí pituitary rẹ̀ tó ń tẹ iṣan ojú, tí kò fi rí ẹ̀gbẹ́ mọ́. Bí ẹnì kan bá ti fún un ní testosterone láìwádìí, ara rẹ̀ á yá díẹ̀, kókó á sì máa dàgbà lọ.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù kò ní ariwo tó bẹ́ẹ̀: sísanra, ìtọ̀ ṣúgà, àìrí oorun tó dára sùn, àti oògùn bíi tramadol, morphine tàbí prednisolone tí ènìyàn bá ń lò pẹ́. O ní bí ẹni tí kò sùn lo máa ń jí. Ṣé o máa ń hanrun? Bi ìyàwó rẹ.

Ìlànà ní kí a má fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀) tàbí ti ọmú, ẹni tó ní ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ láàárín oṣù 6 sẹ́yìn, ẹni tí mímí rẹ̀ ń dúró gan-an lójú oorun tí kò tíì gba ìtọ́jú, àti ẹni tó fẹ́ bímọ láìpẹ́. Ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀, kí ó padà wá láàárín oṣù 3 sí 6, lẹ́yìn ìyẹn lọ́dọọdún, kí a wo testosterone rẹ̀, PSA, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan, nítorí prostate, àti hematocrit, ìyẹn ìpín tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀. Bí hematocrit bá kọjá 54%, a ó dá abẹ́rẹ́ dúró títí yóò fi wálẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ki jù lè dì.

Ẹ̀gbọ́n BàbáGòkè, ìgbà wo lẹ ṣe hematocrit kẹ́yìn?

BàbáGòkè · Ọjọ́rú, 8:10 àárọ̀

Ara mi le, kò sí ohun tó ń ṣe mí. Bí mo bá fẹ́ gba abẹ́rẹ́, ilé oògùn ni mo máa ń lọ, wọ́n sì mọ̀ mí níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà · Ọjọ́rú, 8:31 àárọ̀

Ìgbà wo ni, sà?

BàbáGòkè · Ọjọ́rú, 9:05 àárọ̀

Ó ti lé lọ́dún méjì.

Arẹ̀mú38 · Ọjọ́bọ̀, 7:44 alẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti pè wọ́n pé n kò ní wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tó gbé fóònù ní ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á kọjá mi. Mo ní kò burú. Nọ́ọ̀sì_Àgbà, mo bi ìyàwó mi. Ó rẹ́rìn-ín tó fi dá mi lójú.

BàbáGòkè · lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2

Mo lọ ṣe é o. 56%. Dókítà ní kí n má gba abẹ́rẹ́ kankan títí yóò fi wálẹ̀, àti pé bí a bá tún máa bẹ̀rẹ̀, a ó dín in kù, a ó sì máa pín in kéékèèké lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí ó má baà ga jù lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ó bi mí bóyá orí máa ń fọ́ mi. Ó ń fọ́ mi. Mo ti rò pé ojú ni, mo ti pààrọ̀ awò lẹ́ẹ̀mejì.

Arẹ̀mú38 · lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 5

Mo padà wá jábọ̀. Ẹ̀jẹ̀ àárọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ 338 ng/dL, ìkejì jẹ́ 352. LH àti prolactin wà níbi tó yẹ. SHBG, ìyẹn púrótéènì tó máa ń gbé testosterone rìn nínú ẹ̀jẹ̀, ló lọ sílẹ̀ nítorí pé mo sanra, nítorí náà àpapọ̀ testosterone á dà bí ẹni pé ó kéré nígbà tí èyí tí ara ń rí lò ṣì tó. Irúgbìn àtọ̀ mi dára.

Wọ́n ní kí n wá sùn lórí ẹ̀rọ fún alẹ́ kan. Mímí mi dúró ní ìgbà 34 láàárín wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ yẹn ni mo fẹ́ lọ gbà lé e lórí! Ní báyìí, mo ń lo ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí mi nímú mọ́jú. Dókítà kò tàn mí: ó ní ẹ̀rọ náà lè mú àárẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n kí n má retí pé yóò gbé testosterone sókè dandan, bí mo bá fọ́n díẹ̀ ni yóò fúnra rẹ̀ gòkè. Mo ti sọ kílò mẹ́ta nù. Láàárọ̀ àná, nǹkan ọkùnrin dìde kí èmi tó dìde.

Ìṣòro tó kù ni pé afẹ́fẹ́ ń yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbojú ẹ̀rọ náà, ó sì ń pariwo. Ẹni tó bá ti lò ó, kí ni ẹ ṣe sí i?

Onígò_Ẹ̀jẹ̀ · lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 5

Ṣé o dá irùngbọ̀n sí? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, irùngbọ̀n náà ni. Fá a, tàbí kí o béèrè èyí tó kéré, tí kò ju ihò imú lọ.

BàbáGòkè · lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 5

Arẹ̀mú, bí o bá rí ìdáhùn, fi ránṣẹ́ sí èmi náà. Hematocrit mi ti wálẹ̀ sí 51%, ṣùgbọ́n dókítà ní mímí tó ń dúró lójú oorun náà lè mú ẹ̀jẹ̀ ki, wọ́n sì ní kí n wá sùn sórí ẹ̀rọ yẹn lọ́jọ́ Ajé. Ìyàwó mi ní òun ti ń sọ ọ́ láti ọdún yìí wá.